Ìṣẹ̀ṣe nínú yàrá kan: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ mi ní Ṣàgámù ló gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi lọ́jọ́ kan. Òyìnbó obìnrin kan ló wà nínú fídíò náà. Ó tẹ́ aṣọ dúdú sórí tábìlì, ó to òkúta oríṣiríṣi lé e, ó ń fi èéfín ewé kan yí yàrá rẹ̀ ká, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní àjẹ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ọmọ náà ní, "Àǹtí, ṣé èèyàn lè máa ṣe irú èyí níbí, kí wọ́n má sọ ọ́ lókùúta?" Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ó ń wá nǹkan tí yóò máa ṣe láàárọ̀ kó tó jáde nílé, tí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Mo sọ fún un pé nǹkan náà wà nílé ìyá àgbà rẹ̀ ní Odógbolú: ìṣẹ̀ṣe, ẹ̀sìn àwọn baba wa. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, ohun tí mo kọ́ ọ náà ni mo kọ síbí, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń wá a.

Ẹ̀sìn tí obìnrin inú fídíò yẹn ń ṣe, Wicca ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti jáde, kò sì tíì tó ọgọ́rùn-ún ọdún tó ti hàn sí gbangba. Ọdún 1951 ni ìjọba ibẹ̀ fagi lé òfin tí wọ́n ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ àjẹ́ láti 1735. Ìgbà náà ni Gerald Gardner, ẹni tó gbé ẹ̀sìn náà jáde, àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ rí àyè sọ̀rọ̀ síta. Àjọ̀dún mẹ́jọ ni àwọn ẹlẹ́sìn náà ń ṣe láàárín ọdún kan, bí oòrùn ṣe ń rìn ni wọ́n fi ń kà á, wọ́n sì ń wo òṣùpá. Mi ò bú wọn. Àmọ́ òtútù àti ooru ilẹ̀ wọn ni ọdún wọn bá rìn. Ewé funfun tí wọ́n ń sun yẹn, California ló ti ń hù, òjò Ìjẹ̀bú kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ kí ilẹ̀ tó ń tẹ̀ mọ òun, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ náà.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú jálẹ̀ ohun tí mo ń kọ yìí: orí yín àti ilé yín ni ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi wíwá agbára bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ oníjìbìtì ló máa ń bọ́ sí. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi, mo máa sọ ọ́ níwájú.

ORÚKỌ YÍN NI KÍ Ẹ KỌ́KỌ́ YẸ̀ WÒ

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wo orúkọ bàbá yín. Ní Ìjẹ̀bú, ní Rẹ́mọ àti lọ́dọ̀ àwọn Ẹ̀gbá, orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ṣó pọ̀ bí iyanrìn: Ṣówándé, Ṣódẹindé, Ṣóyínká. Oṣó ni wọ́n gé kúrú bẹ́ẹ̀. Ṣóyínká, "oṣó yí mi ká" ni. Ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ tí a fi ń bẹ̀rù, tí pásítọ̀ ń fi lé ẹ̀mí lóru, ó wà lórí ìwé ẹ̀rí ìbí ọ̀pọ̀ nínú wa. Bí orúkọ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Odù tàbí Awo, ilé Ifá lẹ ti wá. Awólọ́wọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ láti Ìkẹ́nnẹ́, "awo ní ọ̀wọ̀" ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé onígbàgbọ́ ni ẹni tó jẹ́ orúkọ náà. Ògúnsànyà ń sọ ti Ògún fún yín láìfi ọ̀rọ̀ pa mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá àgbà tó dàgbà jù nílé bàbá yín, kí ẹ tún lọ sí ti ìyá. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Búrẹ́dì àti mílíìkì ti tó. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ dáadáa, kí ẹ jókòó, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Mẹ́rin ni mo máa ń ní kí èèyàn béèrè. Kí ni wọ́n ń bọ nílé yìí kí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó dé? Kí ni èèwọ̀ ilé? Báwo ni oríkì wa ṣe lọ, títí dé ibi tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n dé? Ta ló kù nínú ẹbí tó ṣì ń ṣe é? Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọrọ àyè. Ìyá ìyá mi n'Ìjẹ̀bú-Igbó ti lọ kí n tó mọ̀ pé ó yẹ kí n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, èyí ló ń dùn mí jù.

Ọ̀rọ̀ èèwọ̀, ẹ mú un lọ́kùn-únkúndùn. Bí wọ́n bá ní ilé yín kì í jẹ nǹkan kan, ẹ fi sílẹ̀ láti ọjọ́ náà. Owó kan kò jáde lápò yín, ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀.

ÒWÚRỌ̀

Bí ẹ bá ti jí, ẹ má tíì fọwọ́ kan fóònù, ẹ má sì tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ yọnu, ẹ bọ́jú. Ẹ bu omi tútù sínú igbá kékeré tàbí ife, kí ẹ lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí ilẹ̀ jìnnà sí, kó bu iyẹ̀pẹ̀ láti ìlú rẹ̀ sínú ìkòkò kan, kó gbin ewé sí i, kó sì máa ta omi síbẹ̀. Ilẹ̀ náà ni. Ẹ ta omi yẹn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wí pé:

Ìbà Olódùmarè, ọba àìkú.
Ìbà àtiyọ ọjọ́, ìbà àtiwọ̀ oòrùn.
Ìbà ilẹ̀, ògẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí.
Ìbà ẹ̀yin baba mi, ìbà ẹ̀yin ìyá mi tí ẹ ti lọ.
Omi tútù rèé. Kí ilé tutù, kí ọ̀nà tutù, kí ara mi tutù.

Bí ẹ bá mọ orúkọ àwọn tó ti lọ nínú ẹbí yín, ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí ẹni tó lọ kẹ́yìn sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka tó tutù kan iwájú orí, kan àtàrí, kan ìpàkọ́. Ẹ bá orí yín sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe máa ń bá ẹni tó fẹ́ràn yín sọ̀rọ̀: "Orí mi, jí. Ohun rere tí mo ń wá lọ lónìí, ṣáájú mi débẹ̀." Kí ẹ wá dárúkọ ohun kan, ẹyọ kan péré, tí ẹ fẹ́ kí ọjọ́ náà mú wá. Ifá ló wí pé kò sóòṣà tí í dá ni í gbè lẹ́yìn orí ẹni, ìdí nìyẹn tí orí fi ṣáájú gbogbo òrìṣà tí ẹ bá máa bọ.

Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹ ṣe é fún ọjọ́ 21 kí ẹ tó fi nǹkan mìíràn kún un. Mo mọ̀ pé ó ń ṣe yín bíi kí ẹ ti lọ ra gbogbo nǹkan lọ́jà lọ́la. Ẹ ní sùúrù. Àwọn tí mo ti rí tó kọ́kọ́ ra ìlẹ̀kẹ̀, aṣọ àti ìrùkẹ̀rẹ̀, wọn kì í ṣe é kọjá oṣù mẹ́ta.

IGUN KAN NÍNÚ YÀRÁ

Yàrá kan ṣoṣo ni mo háyà fún ọdún mẹ́fà kí n tó kúrò, nítorí náà mo mọ bí àyè ṣe máa ń há. Orí àpótí tí a gbé ga díẹ̀ ti tó fún ojúbọ àwọn tó ti lọ. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun tó mọ́ sí i, ẹ gbé àwo funfun kan tí omi wà nínú rẹ̀ lé e, kí ẹ fi àwòrán òkú tí ẹ bá ní sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi àwòrán ẹni tó wà láàyè síbẹ̀ láé. Lójoojúmọ́ ni kí ẹ pààrọ̀ omi, torí omi tó bá dúró pẹ́, ẹ̀fọn ni yóò yé sí i.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń rántí ẹnì kan, ẹ gbé ohun tó fẹ́ràn kalẹ̀ fún un. Ìkókorẹ́ tó ní ẹja púpọ̀ ni ti ìyá àgbà mi, kì í fi ata ṣeré. Àwo pẹlẹbẹ kékeré kan ni mo ń bù ú sí, mo máa ń jókòó tì í, mo sì ń ròyìn ilé fún un: ta ló bímọ, ta ló rọ́kọ fẹ́, ta ló wà lẹ́wọ̀n ọ̀rọ̀ owó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ gbé e kúrò kí eèrà àti eku má bàa bá a.

Iná wá ni mo bẹ̀ yín sí gidigidi. Ẹ má fi àtùpà tàbí àbẹ́là sílẹ̀ lọ sùn, ẹ má sì sun tùràrí sí ibi tí kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù jẹnẹrétọ̀ bá wà. Nínú ilé tí yàrá bá kọjú sí yàrá, iná yàrá kan, iná gbogbo ilé ni.

EWÉ

Dípò ewé California, a ní ọ̀dúndún, tẹ̀tẹ̀ àti rinrin. Ewé ẹ̀rọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Rinrin ń hù ní ẹ̀gbẹ́ ògiri tó tutù àti ìdí táńkì omi káàkiri Ìjẹ̀bú, a ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ já wọn. Ẹ kí ewé náà kí ẹ tó já a, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi í ṣe, kí ẹ má sì já a tán nídìí. Ẹ fọ̀ wọ́n mọ́, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbo wọ́n sínú omi tútù nínú abọ́ funfun, láìfi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́. Bí ẹ ṣe ń gbo ó ni kí ẹ máa sọ̀rọ̀ sí i. Èmi máa ń wí pé, "Rinrin ló ní kí ara mi tutù rinrin, ọ̀dúndún ló ní kí ayé mi dùn." Orúkọ ewé ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni ọfọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́: ohùn ẹni ń pe ìwà tó wà nínú nǹkan. Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ dà á sórí lẹ́yìn tí ẹ bá ti wẹ̀ tán, kí ẹ má sì nù ún kúrò lójú ẹsẹ̀.

Wíwẹ̀ ni mo sọ. Mi ò sọ mímu. Ẹ má mu àgbo tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, pàápàá aboyún àti ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìṣòro kíndìnrín. Bí ibà bá mú ọmọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ ná. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni wà ní Ṣàgámù níbí. Àdúrà á bá a débẹ̀.

Ọ̀SẸ̀ ỌLỌ́JỌ́ MẸ́RIN LÓRÍ FÓÒNÙ

Ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa, ọjọ́ mẹ́rin ni: ọjọ́ Ifá tí a tún ń pè ní ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta tó jẹ́ ti Ṣàngó, àti ọjọ́ Ọbàtálá. Bí a bá ti ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ọjọ́ karùn-ún ló ń padà yí bọ̀. Ẹ bi babaláwo tàbí oníṣẹ̀ṣe kan ládùúgbò pé ọjọ́ wo ni òní. Ká ní Ajé yìí ni ọjọ́ Ifá, Ẹtì ni yóò tún bọ́ sí, lẹ́yìn náà Ìṣẹ́gun. Ẹ ṣí kàlẹ́ńdà fóònù yín, ẹ kọ "Ọ̀sẹ̀ Ifá" sí ọjọ́ náà, kí ẹ ní kó máa padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ ti parí rẹ̀ títí ayé. Bíi 91 irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ọdún kan. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn já yín láyà, torí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ kò ju pé kí ẹ fi àkókò díẹ̀ kún ti òwúrọ̀, kí ẹ fọ aṣọ funfun igun yẹn, kí ẹ wọ nǹkan tó mọ́, kí ẹ sì fi obì bọ orí bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n ṣe.

OBÌ

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù, torí ibí ni mo ti ṣe àṣìṣe tó pẹ́ jù.

Obì tí a fi ń dá, obì àbàtà ni. Gbànja kò ṣe é lò, torí awẹ́ méjì péré ló ní. Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ ní láti ṣọ́ra níbí ju àwọn tó kù lọ, nítorí gbànja ló gba ọjà wa kan. Sábó ní Ṣàgámù ni àwọn Hausa ti ń rà á láti ayé àwọn bàbá wa, tí wọ́n ń kó o lọ sí òkè ọya. Bí ẹ bá kàn ní "ẹ ta obì fún mi," gbànja ni wọn yóò nà sí yín. Èmi, oṣù méjì gbáko ni mo fi ń fi ọ̀bẹ la gbànja sí mẹ́rin, tí mo ń dà á sílẹ̀, tí mo sì ń bínú pé kò sọ òótọ́ fún mi. Ìyá àgbà kan ní Ìpẹru ló rí mi. Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, ó jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Ọmọ mi, a kì í fi irin kan obì." Ó wá jókòó tì mí, ó kọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ sọ ọ́ kedere lọ́jà: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, àbàtà aláwẹ́ mẹ́rin ni mo fẹ́." Àbàtà mìíràn ní awẹ́ mẹ́ta, òmíràn ní márùn-ún, àní mẹ́fà. Ìyẹn ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n; ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kó dúró lórí mẹ́rin. Ẹ wò ó dáadáa kí kòkòrò má ti jẹ ẹ́. Ewé tútù ni kí ẹ fi wé e bí kò bá ní di lílò lọ́jọ́ náà, torí inú ọ̀rá kì í pẹ́ tó fi ń rà.

Bí ẹ bá ti tẹ́ àwo funfun sílẹ̀, tí omi tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ jókòó tàbí kí ẹ kúnlẹ̀. Ẹ ta omi sílẹ̀, ẹ júbà gẹ́gẹ́ bí ti òwúrọ̀. Ẹ mú obì náà lódindi, ẹ gbé e kan iwájú orí, kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ yín sí i: "Obì rèé. Obì ní í bi ikú, obì ní í bi àrùn. Kó bá mi bi ibi sẹ́yìn." Ìgbà náà ni kí ẹ fi ọwọ́ pa á sí awẹ́ mẹ́rin, kí ẹ fi omi wẹ̀ ẹ́. Awẹ́ obì ní akọ, ó ní abo, méjì-méjì. Ẹ jẹ́ kí àgbà fi hàn yín lójúkojú, torí kíkà kò tó ó kọ́. Ẹ kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ yín, kí ẹ rọra dà á sílẹ̀. Inú obì tó kọjú sókè ni a ń pè ní ṣíṣí, ẹ̀yìn tó kọjú sókè ni dídé.

Bí méjì bá ṣí tí méjì dé, obì yàn. Bẹ́ẹ̀ ni ni, ẹ dúpẹ́. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ṣí, àlàáfíà ni, ayọ̀ ni. Inú ìyá Ìpẹru yẹn máa ń dùn débi pé á pàtẹ́wọ́. Bí mẹ́ta bá ṣí, tí ọ̀kan dé, ọ̀rọ̀ kò tíì fìdí múlẹ̀. Ẹ tún ìbéèrè yín ṣe, kí ẹ dà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí ọ̀kan bá ṣí tí mẹ́ta dé, rárá ni, ẹ dúró níbẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá dé pátá, ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì tún un dà. Ẹ bomi sí i, kí ẹ lọ bá ẹni tó mọ̀ jù yín lọ kó bá yín wò ó. Orúkọ tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń pe àwọn wọ̀nyí yàtọ̀ síra, nítorí náà bí àgbà ìlú yín bá pè é ní nǹkan mìíràn, ti àgbà yín ni kí ẹ tẹ̀lé.

Bí ẹ ṣe ń béèrè ló máa sọ bí ìdáhùn yóò ṣe rí. "Ṣé ayé mi á dára?" Obì kò ní ibi tí yóò ti mú ìyẹn. "Ṣé kí n gba ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ojú ọ̀nà yẹn lóṣù yìí?" Èyí ṣe é dáhùn. Ìbéèrè kan, ìdáhùn kan. Ẹ má bá obì nájà. Mo mọ obìnrin kan tó da obì ní ìgbà mẹ́sàn-án lórí ọkùnrin kan ṣoṣo títí obì fi ní kó fẹ́ ẹ; ó ti mọ ohun tí àkọ́kọ́ sọ. Kí ẹ tó dìde, ẹ pín obì náà jẹ pẹ̀lú ẹni tó bá wà nítòsí. Bí inú bá ń ta yín, ẹ kàn fi ẹnu kàn án.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ LỌ BI IFÁ

Ohun tí omi àti obì kò bá lè yanjú, babaláwo tàbí ìyánífá ni. Odù 256 ni Ifá ní, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọ. Lọ́dún 2005 ni UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ìṣúra gbogbo àgbáyé. Ẹni tó bá ní oṣù mẹ́fà lòun fi kọ́ ọ tán, ẹ kí i kí ẹ máa lọ.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 27, tí ṣọ́ọ̀bù mi kò tà, ẹnì kan mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan. Kò béèrè orúkọ ìyá mi, kò kí Ifá, kò ta omi sílẹ̀. Ó ní ọ̀tá ti di ọ̀nà mi, ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínláàádọ́rùn-ún náírà ni yóò sì ṣí i. Owó tí mo fẹ́ fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ kejì ni mo kó fún un. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó ní ó ku 40,000. Ìgbà náà ni ojú mi là.

Nítorí náà, ẹ ṣe báyìí. Ẹ bi oníṣẹ̀ṣe méjì tàbí mẹ́ta ládùúgbò nípa ẹni náà kí ẹ tó lọ. Ẹ béèrè owó ìdáfá kí ẹ tó jókòó. Bí Ifá bá ní kí ẹ rúbọ, ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo nǹkan ẹbọ náà sílẹ̀ fún yín, kí ẹ fúnra yín lọ rà á ní ọjà Òkè-Ajé tàbí ọjà Falawo, kí ẹ sì béèrè ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún. Babaláwo gidi kì í bínú sí ìbéèrè yẹn, á ki ẹsẹ̀ Ifá tó bá a mu fún yín ni.

Ẹ dìde bí ó bá ní ìyá yín tàbí ìyá ọkọ yín ló ń bá yín jà. Ẹ dìde bí ó bá béèrè àwọ̀tẹ́lẹ̀ yín, àwòrán ìhòòhò yín, tàbí pé òun yóò bá yín lò pọ̀ kí iṣẹ́ tó jẹ́. Bí ó bá mẹ́nu kan ẹ̀yà ara èèyàn, lọ́nà èyíkéyìí, ẹ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ pe 112 tàbí kí ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà. Ìpànìyàn ni ìyẹn. Orúkọ ìṣẹ̀ṣe tí wọ́n ń dà bò ó ló ń mú kí àwọn aládùúgbò máa fojú burúkú wo ìyá tó ń bọ Ọ̀ṣun tiẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ọ̀RỌ̀ ÀJẸ́

Nínú ìjúbà, "ẹ̀yin ìyá mi" ni a ń pe àwọn àjẹ́, a sì ń tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Agbára obìnrin ni a ń bọlá fún níbẹ̀. Àmọ́ nínú ìgboro, ọ̀rọ̀ náà ti di òkúta tí wọ́n ń sọ lu opó àti arúgbó tí kò ní ọmọ nítòsí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń wo fídíò òyìnbó, ẹ má kọ "àjẹ́ ni mí" sójú Facebook yín láti fi ṣe fàájì. Abala 210 nínú òfin ìwà ọ̀daràn wa sọ pé ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní àjẹ́ ti ṣẹ̀, ẹni tó bá fẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíràn náà sì ti ṣẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni wọ́n kọ sí i. Òfin tí òyìnbó fagi lé nílé rẹ̀ ní 1951, irú rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn wa níbí.

Bí ẹ bá rí i tí wọ́n yí arúgbó kan ká pẹ̀lú ẹ̀sùn yìí, ẹ má bá èrò jiyàn. Ẹ mú un kúrò níbẹ̀ ná, kí ẹ gbé e lọ sílé ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù, ìbáà jẹ́ baálẹ̀, olóyè tàbí lémọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pe ọlọ́pàá.

ILÉ TÍ Ẹ̀SÌN PỌ̀ SÍ

Abala 38 nínú òfin Nàìjíríà ọdún 1999 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti ṣe ẹ̀sìn tí ọkàn yín bá fẹ́. Ẹ mọ̀ ọ́n, àmọ́ ẹ má fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìyá yín. Ìjẹ̀bú ti pẹ́ tó ti ń fi ẹ̀sìn púpọ̀ jókòó sórí ẹní kan. Nígbà tí Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà wàjà ní July 2025, lẹ́yìn ọdún márùndínláàádọ́rin lórí ìtẹ́, ní ìlànà Mùsùlùmí ni wọ́n fi sin ín, àwọn oníṣẹ̀ṣe sì ní ohun tí wọ́n sọ sí i. Gbogbo ilé ló ní irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀, nínú kékeré. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi ni pé mi ò fi omi mi dí ẹnikẹ́ni lọ́nà àdúrà tirẹ̀. Ọkọ mi ń kí ìrun àsùbáà, èmi ń ta omi lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ló ń pọn omi àlùwàlá rẹ̀ pẹ̀lú tèmi, láti inú kàǹga kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ ọjọ́ kan tí ẹ lè ṣe é ní gbangba, ẹ lo 20 August, ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi fún un ní 2023.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ mọ àkókò Agẹmọ àti ti Orò ní ìlú tí ẹ ń gbé. Bí Agẹmọ mẹ́rìndínlógún bá ń bọ̀ wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, nínú oṣù July ló sábà máa ń jẹ́, obìnrin kò gbọ́dọ̀ rí wọn. Bí wọ́n bá kéde Orò ní Ṣàgámù tàbí ní Ìpẹru, ẹ lọ ra gàrí, omi àti kírẹ́díìtì iná lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ sọ fún oníbàárà yín pé aṣọ kò ní jáde lálẹ́ ọjọ́ náà. Aboyún tó sún mọ́ ọjọ́ ìbí, kó ti lọ sùn sítòsí ilé ìwòsàn. Kí ẹ sì ní nọ́ńbà àgbà kan nínú ẹgbẹ́ òṣùgbó tàbí ní ààfin lórí fóònù yín, ẹni tí ẹ lè pè lóru bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ tí ẹ fi gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ lọ kí i kí àsìkò náà tó dé, pẹ̀lú obì àbàtà.